Ẹ Ka Ìṣẹ́gun Kí Ẹ Tó Kọ Ipò: Títo Tábìlì Fútì Ọsirélíà Kí Sáà Tó Bẹ̀rẹ̀

Ní ìparí sáà 2024, ipò 15 ni Adelaide wà nínú ẹgbẹ́ 18 tó ń díje nínú AFL, líìgì tó ga jù fún fútì Ọsirélíà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8 ni wọ́n borí, wọ́n ta ọ̀mì kan, wọ́n pàdánù 14. Nígbà tí ìdíje 2025 fi máa parí kó tó kan àṣekágbá, àwọn kan náà ló wà lókè téńté pẹ̀lú ìṣẹ́gun 18. Ẹni tó bá ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Adelaide ni yóò ṣe ipò kìn-ín-ní, ẹ ní kó mú ìwé tó kọ ọ́ sí wá. Àmọ́ pé ẹgbẹ́ yìí kò ní dúró sí ipò 15, ìyẹn kò fara sin. Ó wà nínú tábìlì 2024 fúnra rẹ̀, lápá ọ̀tún pátápátá, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbójú dé.

Ẹni tó jẹ́ pé inú ìwé púùlù ló ti mọ Ọsirélíà, nígbà tí líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá wọ ìsinmi tí àwọn onípúùlù á máa ta “Aussie”, kó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tiwa yìí ni tibẹ̀ yẹn. Èyí tí a ń sọ yàtọ̀. Fútì ni àwọn onílẹ̀ ń pè é. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí gbọọrọ bí ẹyin, agbábọ́ọ̀lù 18 ló wà lápá kọ̀ọ̀kan, òpó mẹ́rin ló sì wà ní ìkángun pápá méjèèjì. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ gbá gba àárín òpó gíga méjì jẹ́ góòlù, àmì 6. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn, láàrin òpó gíga àti òpó kúkúrú, àmì 1 péré. Ìdí nìyẹn tí èsì fi máa ń dà bí 95 sí 88, tí ọ̀mì sì fi ṣọ̀wọ́n.

Lórí tábìlì, ìṣẹ́gun kan mú póìntì 4 wá, ọ̀mì mú 2. Bí póìntì ẹgbẹ́ méjì bá dọ́gba, wọn kì í yọ iye tí wọ́n jẹ kúrò nínú iye tí wọ́n gbá wọlé bí a ti ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Pínpín ni wọ́n ń pín in. Wọ́n á kó gbogbo àmì tí ẹgbẹ́ náà rí jálẹ̀ sáà, wọ́n á fi gbogbo àmì tí àwọn alátakò rí lára rẹ̀ pín in, wọ́n á wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 100. Ẹgbẹ́ tó rí àmì 2,000, tí àwọn alátakò sì rí 1,800 lára rẹ̀, ní pasẹ́ńtéèjì 111.1. Ọ̀rọ̀ pasẹ́ńtéèjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: ní 2024, póìntì 52 ni Carlton àti Collingwood jọ ní. Òun ló gbé Carlton sí ipò 8, ipò tó kẹ́yìn tó ń wọ ìpele àṣekágbá lọ́dún náà, tó sì fi Collingwood, tó gba ife lọ́dún tó ṣáájú, sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹni tó fẹ́ to tábìlì ọdún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́gun 23 ni ẹgbẹ́ kan lè ní jù lọ nínú sáà. Ṣùgbọ́n àmì tó ń wọlé lápá méjèèjì nínú sáà kan náà ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Ohun tí a kà lọ́nà ẹgbẹ̀rún máa ń sọ òótọ́ nípa agbára ẹgbẹ́ ju ohun tí a kà lọ́nà ogún lọ.

Bí a ṣe ń yí pasẹ́ńtéèjì padà sí ìṣẹ́gun rèé. Kò gbà ju fóònù lọ. Ẹ pín pasẹ́ńtéèjì sí ọ̀nà 100. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Èyí tó bá jáde, ẹ tún sọ òun náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ kọ iye yìí sílẹ̀. Ẹ fi 1 kún un, kí ẹ sì fi àpapọ̀ náà pín iye tí ẹ kọ sílẹ̀. Ìdá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó yẹ kí ẹgbẹ́ náà borí ló kù lọ́wọ́ yín yẹn. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 23.

Pasẹ́ńtéèjì Adelaide ní 2024 jẹ́ nǹkan bíi 99.1. Ó di 0.991, ó di 0.982, ó di 0.964. Ẹ fi 1.964 pín in, 0.491 ni. Ní ọ̀nà 23, ìṣẹ́gun 11.3. Ẹgbẹ́ tó yẹ kó borí 11 ló borí 8 àti ààbọ̀, torí ọ̀mì kan jẹ́ ààbọ̀ ìṣẹ́gun. Àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí góòlù kan kò tó láàrin òun àti ẹni tó borí rẹ̀ ló kó ìyókù lọ. Irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ká da owó ẹyọ sókè ká sì máa retí orí tàbí ìdí. Ẹni tí owó ẹyọ kò ṣe ojúure fún lọ́dún yìí, kò sí ìdí kan tí kò fi ní ṣe ojúure fún un lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìdàkejì rẹ̀ ni Collingwood 2022. Wọ́n borí 16 nínú 22, wọ́n ṣe ipò 4, pasẹ́ńtéèjì wọn kò sì ju 104.3 lọ. Ẹ ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú 22: 11.9 ló máa jáde. Ìṣẹ́gun 4 ni wọ́n fi orí rere gbà. Ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí kọ ọ́ sílẹ̀ pé Collingwood yóò jábọ́ ní 2023.

Collingwood gba ife ní 2023. Wọ́n fi àmì 4 borí Brisbane ní àṣekágbá, 90 sí 86.

Ó yẹ ká dúró níbí díẹ̀, torí ibi tí àwọn tó ń to tábìlì ti máa ń pa irọ́ fún ara wọn nìyí. Àwọn kan sọ pé ìṣirò ti kùnà nìyẹn, pé Craig McRae, akọ́nimọ̀ọ́gbá Collingwood, ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní àṣírí bí a ti í borí ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ẹ wo pasẹ́ńtéèjì 2023: nǹkan bíi 127. Ìṣirò ní kí ẹgbẹ́ tó ní 127 borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 àti ààbọ̀. Wọ́n borí 18. Nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n tún fi orí rere gbà á. Ẹgbẹ́ náà ti le sí i gan-an ni. Tom Mitchell wọlé láti Hawthorn, Bobby Hill láti GWS (Greater Western Sydney), Dan McStay láti Brisbane, Nick Daicos sì wọ ọdún kejì rẹ̀. Orí rere 2022 lọ bó ṣe yẹ kó lọ, àmọ́ agbára tuntun rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún 2024 tí agbára yẹn dín kù, ipò 9 ni wọ́n bọ́ sí. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn yóò jábọ́ kò ṣìnà ní ti ìdí. Ohun tí kò rí ni àwọn tó ń bọ̀.

Ìṣirò kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ènìyàn. Bí ẹ bá fi ènìyàn ṣáájú, àwọn orúkọ ńlá á gbé yín lọ.

Fífà sí àárín

Iye tó jáde lókè yẹn, ẹ má gbé e bó ṣe rí. Ẹ fà á sún mọ́ 11.5, tó jẹ́ ààbọ̀ 23. Ìdá mẹ́ta àlàfo tó wà láàrin ni kí ẹ yọ. Western Bulldogs 2025 ní pasẹ́ńtéèjì bíi 137. Ìṣirò fún wọn ní 17.9. Àlàfo láti 11.5 jẹ́ 6.4, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 2.1, ó ku 15.8. Iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ fún 2026 nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́gun 14 àti ipò 9 ni wọ́n fi parí 2025.

Kí ló dé tí a fi ń fà wọ́n? Torí pé wọ́n ṣe òfin líìgì yìí kí ó má bàa sí ọba tí kì í ṣípò. Láti 1986 ni ẹgbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn ti ń kọ́kọ́ yan ọ̀dọ́ tó dára jù nínú dráfùtì. Láti 1987 ni òfin ti fi ààlà sí owó tí ẹgbẹ́ lè san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá dára jù kò lè san owó àwọn ọmọ rẹ̀ tí owó wọn ti gbówó lórí, ó di dandan kí ẹlòmíràn kó wọn lọ. Kò sí ìjábọ́ sí líìgì kejì, nítorí náà ẹgbẹ́ tó kùnà kò lọ ibì kan. Ó jókòó, ó ń kó ọ̀dọ́ jọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn tó wà lókè, apá kan ohun tó gbé wọn débẹ̀ ni pé ara àwọn ọmọ wọn le, apá kan sì ni oríire. Kò sí èyí tó ṣèlérí pé òun ń padà bọ̀ nínú méjèèjì.

Dráfùtì ní ihò lára o. Ọmọ agbábọ́ọ̀lù tó ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 100 fún ẹgbẹ́ kan lè lọ bá ẹgbẹ́ baba rẹ̀. Bí Collingwood ṣe rí Nick, ọmọ Peter Daicos, nìyẹn. Bí Brisbane sì ṣe rí Will àti Levi, àwọn ọmọ Marcus Ashcroft, nìyẹn, tí Will sì gba àmì ẹ̀yẹ Norm Smith, ti agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù, ní àṣekágbá 2024 àti 2025. Àwọn ẹgbẹ́ àríwá náà ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tiwọn: Gold Coast mú ọ̀dọ́ mẹ́rin láti inú tirẹ̀ nínú ìpele kìn-ín-ní dráfùtì 2023. Ẹgbẹ́ tí irú àǹfààní yìí bá ń bọ̀ fún, ẹ má fà á wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi ìdá mẹ́rin rọ́pò ìdá mẹ́ta.

Ọ̀kan ṣì wà tó ń ba pasẹ́ńtéèjì jẹ́: kí ẹgbẹ́ máa fi aláìlera ṣe yẹ̀yẹ́. West Coast borí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní 2025. Ẹni tó bá fi àmì 90 borí wọn, pasẹ́ńtéèjì rẹ̀ á fò sókè, bẹ́ẹ̀ kò fi hàn pé ó lè dúró níwájú Geelong. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan Bulldogs lọ́dún yẹn gan-an nìyẹn, ẹ̀sùn náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ara àwọn ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìṣẹ́gun wọn. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ padà lọ sínú èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 23 náà, ibi tí àlàfo bá ti ju àmì 60 lọ, ẹ kọ ọ́ bíi 60 péré, kí ẹ tún pasẹ́ńtéèjì ṣírò. Iṣẹ́ wákàtí kan ni fún gbogbo ẹgbẹ́ 18. Bí ẹ bá ṣe é fún Bulldogs, 15.8 yẹn á wálẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kó ìṣirò ọdún púpọ̀ jọ, kó ṣọ́ 2020. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 ni wọ́n gbá lọ́dún Kòrónà, wọ́n sì gé àkókò kù. Kí 2023 tó dé, 22 ni.

Àwọn ènìyàn

Òṣù kẹwàá ni wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù, dráfùtì ń tẹ̀ lé e ní òṣù kọkànlá, sáà á sì bẹ̀rẹ̀ ní òṣù kẹta. Láàrin àkókò yìí ni ìròyìn máa ń ru ọkàn ènìyàn sókè. Kí 2026 tó bẹ̀rẹ̀, Christian Petracca kúrò ní Melbourne lọ sí Gold Coast, Clayton Oliver kúrò níbẹ̀ kan náà lọ sí GWS, Charlie Curnow fi Carlton sílẹ̀ lọ sí Sydney, Oscar Allen lọ sí Brisbane láti West Coast, Tom De Koning àti Jack Silvagni sì kó láti Carlton lọ sí St Kilda.

Ìṣẹ́gun mélòó ni ẹnì kan tó? Ìwọ̀n tí a lè fi sọ́kàn ni pé àgbà ọ̀jẹ̀ tó wà lára ogún tó dára jù ní gbogbo líìgì kò ju ìṣẹ́gun 1 lọ. Ọmọ tó kàn dára, ààbọ̀. Ẹni tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù kejìlá tàbí kẹtàlá ní ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, òdo. Èèyàn 18 ló wà lórí pápá, wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn láìdáwọ́ dúró. Kò sí ẹnì kan tó lè gbé ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn fi ìṣẹ́gun 3 kún Sydney torí Curnow, kó sì gbàgbé láti yọ ohunkóhun lára Carlton. Ohun tí ẹ bá fi kún ibì kan, ẹ yọ ọ́ níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìfarapa gba sùúrù. Iṣan orúnkún tó bá já ń gbé agbábọ́ọ̀lù jókòó fún nǹkan bí oṣù 12, ìyẹn ni kí ẹ kà. Iṣan itan tó fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin ni, ẹ má kọbi ara sí i. Ẹ ka iye àwọn tó wà nínú agbábọ́ọ̀lù 22 tó dára jù lọ ní ẹgbẹ́ náà tí wọn kò ní gbá ààbọ̀ àkọ́kọ́ sáà: ẹnì kan jẹ́ ìjàǹbá lásán, ẹni mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́gun 1 sí 2. Ẹ ka àwọn tó ń bọ̀ láti orí ibùsùn náà. Riley Thilthorpe tí orúnkún gbà lọ́wọ́ Adelaide fún ọ̀pọ̀ nínú 2024 wà lára ohun tó yí wọn padà ní 2025, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta tí wọ́n gbà wọlé: Isaac Cumming, James Peatling, Alex Neal-Bullen. Kò sí orúkọ ńlá kankan nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ihò ni wọ́n dí.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe ní ìsinmi léwu ju bí ìwé ìròyìn ti ń sọ lọ. Melbourne ní 2018 ṣe ipò 5 pẹ̀lú pasẹ́ńtéèjì 131.4, wọ́n dé kò-mẹsẹ̀-ó-yọ tó ṣáájú àṣekágbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ní àwọn ni yóò gba ife 2019. Ìṣirò wa náà ì bá gbè wọ́n. Wọ́n borí 5, wọ́n ṣe ipò 17. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lẹ́yìn sáà pọ̀ débi pé wọn kò rí ìgbaradì ṣe dáadáa, ẹgbẹ́ tó sì ń fi eré sísá fúngun mọ́ alátakò kò lè ṣe é láìsí ìgbaradì. Wọ́n tún ti ta Jesse Hogan fún Fremantle. Nítorí náà, ní oṣù kìíní, ìròyìn tó yẹ kí ẹ máa wá kiri ni iye àwọn tó ń ṣe ìdánrawò pọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ oṣù kejì àti ìbẹ̀rẹ̀ òṣù kẹta kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀. Àwọn àgbà ń sinmi níbẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ń fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́.

Ti ọjọ́ orí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dẹ́rù bà yín jù. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ pé Geelong ti darúgbó. Ẹgbẹ́ tí wọ́n kó wọ àṣekágbá 2022 ló dàgbà jù nínú ìtàn líìgì, wọ́n sì fi àmì 81 na Sydney. Lóòótọ́ ni wọ́n bọ́ sí ipò 12 ní 2023, àmọ́ ipò 3 ni wọ́n wà ní 2024, ipò 2 ní 2025. Ewu tó jù wà lápá kejì. Ẹgbẹ́ tó kún fún ọ̀dọ́ ọlọ́dún 19 àti 20 máa ń pẹ́ kó tó gbó, ó sì ń pẹ́ ju bí olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń retí lọ. Gold Coast wọlé ní 2011. Ọdún 2025, sáà wọn kẹẹ̀ẹ́dógún, ni wọ́n kọ́kọ́ wọ ìpele àṣekágbá. Gbogbo ọdún tó wà láàrin ni ẹnì kan ń sọ pé “ọdún wọn rèé.”

Àwọn kan wà tí kò sí ìṣirò tó lè rí wọn. Richmond ṣe ipò 13 ní 2016 pẹ̀lú pasẹ́ńtéèjì tó wà ní ìsàlẹ̀ gidi, wọ́n gba ife ní 2017. Ẹni tó bá fẹ́ to tábìlì gbọ́dọ̀ gbà pé irú rẹ̀ á máa ṣẹlẹ̀, kó sì fi í sílẹ̀.

Àtẹ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀

Ẹgbẹ́ 18, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 23: ẹ ó bá alátakò 17 pàdé lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì tún bá 6 nínú wọn pàdé lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn 6 yìí ni ariwo wà lé lórí. AFL máa ń pín tábìlì ọdún tó kọjá sí mẹ́ta, 1 sí 6, 7 sí 12, 13 sí 18, kí àwọn alágbára lè pàdé alágbára jù. Ṣùgbọ́n owó tẹlifíṣọ̀n àti ìjà àdúgbò ń tẹ òfin náà: Adelaide àti Port Adelaide, West Coast àti Fremantle, Sydney àti GWS, Brisbane àti Gold Coast, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń pàdé lọ́dọọdún bí tábìlì ì báà ti rí.

Àwọn olólùfẹ́ fẹ́ràn láti sunkún lórí àtẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ń bá ẹgbẹ́ tó tó yín gẹ́lẹ́ gbá, ààbọ̀ ìṣẹ́gun ni ẹ ń retí. Bí wọ́n bá fi ẹgbẹ́ tó lè borí yín nígbà 65 nínú 100 rọ́pò rẹ̀, 0.35 ni ẹ ń retí. Ẹ pàdánù 0.15. Kódà kí gbogbo àwọn 6 rí bẹ́ẹ̀, 0.9 ni. Àtẹ tó burú jù lọ kò gbà ju ìṣẹ́gun 1 lọ, ọ̀pọ̀ jù kò tó ààbọ̀.

Ìrìn àjò ṣe pàtàkì jù ú lọ. Láti Perth dé Melbourne tó nǹkan bíi kìlómítà 2,700, ọ̀sẹ̀ kejì kejì ni West Coast àti Fremantle sì ń wọ bàlúù. Pasẹ́ńtéèjì wọn ti gbé ìyà yẹn sínú tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó yẹ kí ẹ kà ni ohun tó yí padà. Ẹgbẹ́ tó ń ta ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé rẹ̀ síbòmíràn, bí North Melbourne ṣe gbé méjì lọ sí Ìwọ̀ Oòrùn Ọsirélíà ní 2025, sọ ilé di àjò. Ẹgbẹ́ bíi Collingwood sì lè wà “lájò” kó jẹ́ pé MCG, pápá tirẹ̀ gan-an, ló ti ń gbá.

Àyẹ̀wò 207

Ó ku ibi tí ọ̀pọ̀ tábìlì ti ń wó. Ẹgbẹ́ 18 ní ọ̀nà 23 jẹ́ 414. Ẹgbẹ́ méjì ló ń pín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, nítorí náà 207 ni gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́gun tí ẹ kọ fún gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 207. Ẹ ro tiyín pọ̀. Ẹni tó fi ọkàn to tiẹ̀ máa ń rí 220 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbogbo ẹgbẹ́ ló “ti dára sí i” nínú ìròyìn ìgbà ìsinmi. Bó bá jẹ́ 220, ẹ yọ 0.7 lára ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àyàfi tí ẹ bá mọ ẹni tí ẹ kẹ́ jù.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wá to ipò, láti iye tó pọ̀ jù wá sí èyí tó kéré jù. Ẹ ó rí i pé àárín fún pọ̀. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ní 2024, póìntì 58 ni ipò 5 ní, ipò 14 ní 44. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá ló há sínú ìṣẹ́gun mẹ́ta àti ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀, bí a bá da owó ẹyọ sókè ní ìgbà 23, oríire nìkan lè gbé e kúrò ní 11.5 pẹ̀lú nǹkan bíi 2.4 sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìgbà méjì nínú mẹ́ta ni yóò bọ́ sáàárín 9 sí 14. Ẹgbẹ́ kan náà, ọmọ kan náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà, ipò 6 lọ́dún kan, ipò 14 lọ́dún kejì, kí ohunkóhun má sì yí padà nínú agbára wọn. Kí ẹnì kan máa bá ẹnì kejì jà bóyá St Kilda ló yẹ ní 9 tàbí Fremantle, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń jà lé. Ẹ kọ ọ́ pé “8 sí 13” kí ẹ sì sinmi.

Láti ọdún 2026, ìjà ojú ilẹ̀kùn yìí ti ṣí lọ sísàlẹ̀ díẹ̀: ipò 7 ń bá 10 gbá, 8 ń bá 9, kí wọ́n tó mọ ẹni tó wọ àwọn mẹ́jọ. Láàrin 10 àti 11 ni ìlà wà báyìí, níbi tí àlàfo ti kéré jù. Àǹfààní mẹ́rin àkọ́kọ́, pé wọ́n lè pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́ ní ìpele àṣekágbá láì jáde, kò yí padà, ìyẹn sì ni ibi tó yẹ kí ẹ lo agbára yín sí.

Bí sáà bá parí, ẹ dá ara yín lẹ́jọ́. Ẹ mú ipò tí ẹ kọ àti ipò tí ẹgbẹ́ náà ṣe, ẹ wo iye tó wà láàrin, ẹ ro ti gbogbo ẹgbẹ́ 18 pọ̀. Ẹni tó di ojú tó sì ń fa ìwé orúkọ jáde nínú àpò yóò rí nǹkan bíi 108. Ẹni tó kàn da tábìlì 2024 kọ gẹ́gẹ́ bí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ fún 2025, láìrò ohunkóhun, á rí 68. Òun ni alátakò yín gidi. Ẹ wo ibi tí 68 yẹn ti wá: Adelaide gòkè láti 15 dé 1, ìyẹn 14, Port Adelaide já láti 2 sí 13, ìyẹn 11, Sydney já láti 1 sí 10, ìyẹn 9. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ni 34, ààbọ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn 15 yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, Melbourne àti St Kilda kò tilẹ̀ ṣí rárá. Nítorí náà gbogbo iṣẹ́ tí a ti ń ṣe bọ̀ láti òkè, kí a lè fura sí ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún ni. Ti Adelaide wà nínú pasẹ́ńtéèjì. Ti Sydney wà nínú ìròyìn oṣù kọkànlá dé òṣù kẹta: John Longmire, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, fi iṣẹ́ sílẹ̀, Dean Cox gba ipò rẹ̀, Errol Gulden sì ṣẹ́ ní kókósẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Fún Port, wọ́n ti kéde kí bọ́ọ̀lù kìíní tó gbéra pé Ken Hinkley, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ń lọ ní ìparí ọdún.

Bí òní ti rí ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀ ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún, ẹ̀yin náà á fẹ́ tún tábìlì yín ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ ní sùúrù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í tilẹ̀ kan gbogbo ẹgbẹ́ láti 2024, torí àwọn díẹ̀ ló ń ṣí sáà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New South Wales àti Queensland. Ní 2025 ìjì Alfred tún wọ́ méjì nínú wọn lọ síwájú, tí Gold Coast àti Essendon fi gbá tiwọn lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti parí. Kí ó tó pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6, ẹ má fọwọ́ kan iye tí ẹ kọ, àfi bí iṣan orúnkún ẹnì kan bá já. Hawthorn pàdánù 5 àkọ́kọ́ wọn ní 2024, ipò 7 ni wọ́n parí sí. Brisbane pàdánù 3 àkọ́kọ́ tiwọn lọ́dún kan náà, wọ́n ṣe ipò 5, wọ́n sì fi àmì 60 na Sydney ní MCG lọ́jọ́ àṣekágbá.